Àtọ́kùn Ohùn Òkú: Àgbéyẹ̀wò Orin tí Olórin Kò Parí kí Ó Tó Kú

Ìfáárà

Mo júbà àwọn tí wọ́n ti kọrin kí a tó bí wa. Mo júbà àwọn tí wọ́n kọ́ mi ní ohun tí mo mọ̀. Bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ a lanu fún un. Kí ilẹ̀ ó lanu fún mi lónìí.

Ìbéèrè tí mo gbé wá kò gùn. Bí olórin bá kú, tí ó sì fi orin tí kò tíì parí sílẹ̀ nínú téèpù tàbí nínú kọ̀ǹpútà, ta ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti parí rẹ̀? Bí wọ́n bá sì parí rẹ̀ tán, orin ta ni a óò pè é?

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan máa rò ó lọ́kàn pé kí ni ó kan olùkọ́ lítíréṣọ̀ nínú ọ̀rọ̀ àwọn olórin ìgbàlódé. Ó kàn mí gidigidi. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ewì Yorùbá ti ń gbé inú ohùn kí ó tó wọ inú ìwé. Ẹni tí ó bá ń ṣe àkójọ ewì àwọn baba ń ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó ń to orin òkú: àwọn méjèèjì di ọ̀rọ̀ ẹni tí kò lè dáhùn mọ́ lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe èèṣì pé Marine Beach ni a ti ń sọ ọ́. Ibí ni Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ ti fojú kan ara wọn. Ní ọwọ́ Àpápá, ní Wharf Road, ni sítúdíò ilé-iṣẹ́ EMI wà ní àwọn ọdún 1970. Ní ọwọ́ Ajégúnlẹ̀ ni àwọn olórin bí Daddy Showkey, Baba Fryo àti African China ti jáde láti àwọn ọdún 1990 wá, tí orin galala sì ti ibẹ̀ tàn ká gbogbo Nàìjíríà. Lónìí, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ àdúgbò yìí ni ó ń gba ohùn sílẹ̀ nínú yàrá kékeré, lórí kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe tiwọn. Ẹni tí wọ́n ń pè ní pùròdúsà, tí èmi yóò máa pè ní olóòtú orin, ni ó ń to ìlù, òun ni ó ń gba ohùn, òun ni ó sì ń yan èyí tí yóò kù àti èyí tí yóò jáde. Bí olóhùn bá kú lọ́la, ọ̀dọ̀ olóòtú ni ohùn rẹ̀ yóò kù sí. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn yín ju bí ó ti kan àwọn tí wọ́n ń gbé òkè òkun lọ.

Ohun tí Ó Ṣẹlẹ̀ ní Àpápá ní Ọdún 1973

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1973, Paul McCartney, tí ó ti wà nínú ẹgbẹ́ Beatles tẹ́lẹ̀, wá sí Èkó láti ṣe àwo orin pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀ tuntun, Wings. Méjì nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ti fi í sílẹ̀ kí wọ́n tó gbéra. Òun, ìyàwó rẹ̀ Linda, àti Denny Laine nìkan ni olórin tí ó kù. Wọ́n dé sítúdíò EMI ní Àpápá, wọ́n sì rí i pé kíkọ́ rẹ̀ kò tíì parí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí McCartney àti ìyàwó rẹ̀ ń fẹsẹ̀ rìn, àwọn ọlọ́ṣà yọ ọ̀bẹ sí wọn, wọ́n sì gba ẹrù wọn. Téèpù tí ó fi kọ́kọ́ dán àwọn orin náà wò, àti ìwé tí ọ̀rọ̀ orin wà nínú rẹ̀, bá a lọ.

Kí ni ó ṣe? Ó jókòó, ó rántí wọn, ó sì tún wọn kọ. Àwo náà, Band on the Run, jáde ní ìparí ọdún kan náà. Kò sí ẹni tí ó béèrè bóyá orin tí a gbọ́ bá èyí tí ó sọnù mu. Olórin wà láàyè. Ohun tí ó bá sọ pé orin òun jẹ́ náà ni orin rẹ̀.

Ní àsìkò yẹn kan náà ni Fela lọ ká a mọ́ sítúdíò, tí ó fi ẹ̀sùn kàn án pé ó wá jí orin àwọn ènìyàn dúdú. McCartney fi ohun tí ó ti gbà sílẹ̀ hàn án, Fela gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ sì rọlẹ̀. Àwọn kan máa ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá ń sọ ìtàn yìí. Ní tèmi, ìbéèrè gidi ni Fela béèrè: ta ni ó ni orin tí ó wà lórí téèpù yìí? Ohun tí ó parí ìjà náà sì yẹ ní àkíyèsí. Wọ́n tan téèpù, ẹni tí ó ń fura sì fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ.

Àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, McCartney bá ara rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ mìíràn. Wọ́n ti yìnbọn pa ọ̀rẹ́ rẹ̀ John Lennon ní New York ní ọjọ́ 8, oṣù Kejìlá, ọdún 1980. Lennon fi àwọn orin kan sílẹ̀ nínú kásẹ́ẹ̀tì, òun àti dùùrù rẹ̀ nìkan. Ní ọdún 1994, opó rẹ̀, Yoko Ono, kó wọn fún McCartney. Méjì nínú wọn ni àwọn mẹ́ta tí ó kù nínú Beatles parí, tí wọ́n jáde ní ọdún 1995 àti 1996. Ẹ̀kẹta, Now and Then, ni wọ́n pa tì, nítorí pé ariwo dùùrù bo ohùn mọ́lẹ̀. Nígbà tí ó yá, ẹ̀rọ kan dé tí ó lè ya ohùn kúrò lára dùùrù. McCartney àti Ringo Starr padà sídìí rẹ̀. Wọ́n fi gìtá tí George Harrison ti ta sí i ní ọdún 1995, kí òun náà tó kú ní ọdún 2001, kún un. Orin náà jáde ní ọjọ́ 2, oṣù Kọkànlá, ọdún 2023.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí á mú nínú èyí. Èkíní, ẹni tí ó parí orin náà ti bá òkú kọrin pọ̀ láti ìgbà èwe wọn. Èkejì, ìdílé ni ó gbé e lé e lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta, kò sí ẹni tí wọ́n fi pa mọ́ fún: gbogbo ayé ni a sọ fún ní ohun tí ó jẹ́ ti Lennon àti ohun tí àwọn yòókù fi kún un.

Ohun tí Lítíréṣọ̀ Alohùn Kọ́ Wa

Bí a bá fi ojú lítíréṣọ̀ alohùn wo ọ̀rọ̀ yìí, ẹnu kò ní yà wá pé alààyè ń parí iṣẹ́ òkú. Oríkì tí oníjàálá ń pè, ẹnu ọ̀gá rẹ̀ ni ó ti gbà á. Ọ̀gá rẹ̀ náà gbà á lẹ́nu ẹni tí ó ti kú. Ó yọ díẹ̀, ó fi díẹ̀ kún un. Bí ó bá jẹ́ pé èèwọ̀ ni kí a fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ tí òkú kò parí, ìran Yorùbá kì bá tí ní ewì kankan.

Ṣùgbọ́n àwọn baba wa kò fi í sílẹ̀ láìní òfin. Apohùn máa ń júbà. Ó máa ń dárúkọ ẹni tí ó kọ́ ọ. Ọ̀fun ara rẹ̀ ni ó fi ń sọ ọ́, kì í yá ọ̀fun òkú. Bí ó bá sì ṣì í sọ, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní agbo. Ẹni tí ó bá ka iṣẹ́ tí Adébóyè Babalọ́lá ṣe lórí ìjálá, tí ó jáde ní ọdún 1966, yóò rí i pé oníjàálá kan lè dá èkejì dúró ní gbangba kí ó sì tako ohun tí ó pè. Agbo náà ni kóòtù.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ wọ inú ìwé, àwọn òǹkọ̀wé wa kò gbàgbé. Dénrelé Ọbasá tẹ ìwé ewì mẹ́ta jáde láàrin ọdún 1927 sí 1945. Ó kó òwe àti ọ̀rọ̀ àwọn àgbà jọ, ó sì hun tirẹ̀ mọ́ ọn, tó bẹ́ẹ̀ tí àwa olùkọ́ fi ń jiyàn títí di òní lórí ibi tí ohùn àwọn baba parí sí àti ibi tí ohùn Ọbasá ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo orúkọ tí ó fún ìwé náà: Ìwé Àwọn Akéwì. Akéwì pọ̀ nínú rẹ̀. Kò pè é ní ìwé akéwì kan ṣoṣo. Ìjúbà ni orúkọ náà.

Ibi tí àṣà wa ti sún mọ́ ìbéèrè yìí jù ni ọ̀rọ̀ egúngún. N kò ní tú awo kankan. Ohun tí gbogbo ojú rí ni n ó sọ. Ará ọ̀run jáde, ó fọhùn, ohùn rẹ̀ kì í ṣe ohùn ènìyàn. Ṣùgbọ́n kò dá rìn. Àtọ́kùn wà níwájú rẹ̀. Àtọ́kùn kò wọ agọ̀, ojú rẹ̀ hàn, gbogbo ìlú mọ orúkọ àti ilé rẹ̀. Òun ni ó ń tọ́ egúngún sọ́nà, òun ni ó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún àwọn tí kò gbọ́ ọ. Bí egúngún bá ṣe ohun tí kò yẹ, ọrùn àtọ́kùn ni ẹjọ́ ń já lé. Ìdílé ni ó sì ni agọ̀.

Àbá mi nìyí: olóòtú tí ó ń parí orin òkú, àtọ́kùn ni. Iṣẹ́ iyì ni iṣẹ́ àtọ́kùn. Ohun tí ó burú ni kí àtọ́kùn fi ojú ara rẹ̀ pa mọ́, kí ó wọ agọ̀, kí ó sì máa sọ ọ̀rọ̀ ti ara rẹ̀ fún ìlú bí ẹni pé ará ọ̀run ni ó sọ ọ́.

Àwọn Àpẹẹrẹ láti Ọ̀dọ̀ Wa

Ẹ jẹ́ kí á fi òṣùwọ̀n yìí wọn àwọn iṣẹ́ kan.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1984, ìjọba ológun mú Fela ní pápákọ̀ òfurufú Èkó lórí ẹ̀sùn owó ilẹ̀ òkèèrè. Ní oṣù Kọkànlá, wọ́n sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún. Téèpù orin rẹ̀, Army Arrangement, wà nílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Celluloid gbé e fún Bill Laswell ní Amẹ́ríkà pé kí ó tò ó. Laswell yọ àwọn ohun kan tí Fela àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe, ó pe àwọn olórin mìíràn, lára wọn ni Bernie Worrell àti Sly Dunbar, pé kí wọ́n fi tiwọn sí i. Àwo náà jáde ní ọdún 1985, olówó orin sì wà lẹ́wọ̀n. Nígbà tí Fela gbọ́ ọ, inú rẹ̀ bàjẹ́. Wọ́n ròyìn pé ó ní gbígbọ́ rẹ̀ burú ju ẹ̀wọ̀n tí òun wà lọ.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí ó mú àpẹẹrẹ yìí ṣọ̀wọ́n. Ọgbà ẹ̀wọ̀n kì í ṣe ibojì. Wọ́n tú Fela sílẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 1986. Olórin tí wọ́n parí orin rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ṣì lè fọhùn, ó sì sọ fún wa pé kì í ṣe ohun tí òun fẹ́ nìyẹn. Mélòó nínú àwọn òkú tí à ń gbọ́ orin wọn ni ìbá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá lè dìde? A kì í mọ̀. Òkú kò mọ iye tí a ra agọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò lè sọ pé agọ̀ tí a dá fún òun kò bá òun mu.

Àpẹẹrẹ kejì ni ti Tony Allen, ọmọ Èkó tí a bí ní ọdún 1940, tí ó jẹ́ onílù fún Fela fún ọdún púpọ̀. Ní ọdún 2010, òun àti Hugh Masekela ti Gúúsù Áfíríkà gba orin sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, wọn kò sì parí rẹ̀. Masekela kú ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2018. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Allen àti olóòtú Nick Gold wá téèpù náà kàn, wọ́n sì padà sí sítúdíò kan náà ní ọdún 2019 láti parí rẹ̀. Rejoice jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2020. Àtọ́kùn tí ó mọ ìjó egúngún rẹ̀ ni Allen: ó wà níbẹ̀ nígbà tí fèrè dún.

Ọjọ́ 30, oṣù Kẹrin ọdún 2020 yẹn ni Allen fúnra rẹ̀ kú ní Paris. Ó ti lu ìlù sílẹ̀ fún àwo kan tí ó fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ olórin ráàpù kọrin lé lórí. Àwọn olóòtú rẹ̀, Vincent Taeger àti Vincent Taurelle, pe àwọn ọ̀dọ́ náà, wọ́n sì parí rẹ̀. There Is No End jáde ní ọjọ́ tí ó pé ọdún kan géérégé tí ó kú. Ohùn àwọn ọ̀dọ́ hàn gbangba pé tiwọn ni. Ìlù Allen sì hàn pé tirẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ kò ní ṣi ọ̀kan mú fún èkejì.

Àpẹẹrẹ kẹta sún mọ́ wa, ó sì ṣì ń dun ọ̀pọ̀ ènìyàn. MohBad, Ilerioluwa Oladimeji Aloba, kú ní Èkó ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2023. Ẹni ọdún 27 ni. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Egwu jáde, orin tí òun àti Chike jọ kọ. Orúkọ méjèèjì wà lórí rẹ̀, ohùn méjèèjì sì dá yàtọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ jó sí i, ọ̀pọ̀ sì sunkún bí wọ́n ti ń jó. Ohùn òkú ní agbára lórí alààyè ju bí a ti rò lọ. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí á fi í ṣeré.

Ẹ má sì gbàgbé ọ̀nà kan tí kò ní téèpù nínú rárá. Ní ọdún tó kẹ́yìn ayé Fela, ó ní ọ̀pọ̀ orin tí ó ń kọ lórí ìtàgé tí kò gbà sílẹ̀ rí. Ó kú ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹjọ, ọdún 1997. Ọmọ rẹ̀ Ṣeun, tí kò ju ọmọ ọdún 14 lọ, ni ó gba ipò rẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ Egypt 80, tí ó sì ń kọ orin baba rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀fun ara rẹ̀. Ọ̀nà àwọn oníjàálá gan-an nìyẹn.

Ohùn tí Ẹ̀rọ Dá

Ẹnìkan lè sọ pé kí á kúkú jẹ́ kí ohun tí òkú kò parí sùn pẹ̀lú rẹ̀. N kò gbà. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, Rejoice ì bá ti jẹrà nínú téèpù, ọmọ olórin tí ìyà ń jẹ ì bá sì jókòó lórí ìṣúra láìlè fọwọ́ kàn án. Ẹlòmíràn yóò ní kí á máa ṣe bí ó ti wù wá, níwọ̀n ìgbà tí orin bá ti dùn. N kò gba èyí náà. Bí olórin bá pa orin kan tì, ìpatì náà jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó sọ. Ó lè jẹ́ pé kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ojú ń tì í. Adùn nìkan kò tó láti fi dá ẹjọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ tún le sí i ní àsìkò wa yìí. Ẹ̀rọ ti wà tí ó lè gbọ́ ohùn ènìyàn fún ìgbà díẹ̀, kí ó sì máa fi ohùn náà kọ orin tí ẹni náà kò kọ rí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe da èyí pọ̀ mọ́ ohun tí wọ́n ṣe fún Lennon. Nínú ti Lennon, ẹ̀rọ ya ohun tí ó wà nílẹ̀ sọ́tọ̀. Lennon ni ó kọ gbogbo ohun tí a gbọ́ lẹ́nu Lennon. Nínú ti èkejì, kò sí ará ọ̀run, kò sí ìdílé, aṣọ ni ó ń dá jó. Irú orin bẹ́ẹ̀ lè dùn, ṣùgbọ́n kò yẹ kí orúkọ òkú wà lórí rẹ̀.

Òfin ilẹ̀ wa ti ṣe díẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ ti ọdún 2022, tí Ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù Kẹta ọdún 2023, dáàbò bo iṣẹ́ olórin fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó sì mọ ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ pé kí a dárúkọ rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ rẹ̀, àti pé kí a má ba iṣẹ́ náà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n òfin kì í rìn wọ yàrá tí a ti ń gba ohùn sílẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀ bí kò bá sí ìwé tí ẹnìkan fọwọ́ sí.

Ìkádìí

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ olórin, ọ̀dọ̀ yín ni n ó parí sí. A kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ ikú nílé ẹni tí ara rẹ̀ le. Síbẹ̀, àwọn baba wa a máa sọ ẹni tí yóò jogún oko wọn nígbà tí wọ́n ṣì ń ro ó. Ní ọjọ́ tí ẹ bá gba ohùn sílẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé ta ni ó ni ìlù, ta ni ó ni ọ̀rọ̀, ta ni ó ni ohùn, kí ẹ̀yin àti olóòtú sì jọ fọwọ́ sí i. Ẹ gba ẹ̀dà ohùn yín sílé. Ẹ sọ fún ẹnìkan tí ẹ fọkàn tán, èyí tí ẹ fẹ́ kí ayé gbọ́ àti èyí tí ẹ kò fẹ́.

Ẹ̀yin olóòtú, bí òkú bá fi ohùn rẹ̀ sí yín lọ́wọ́, ẹ má ṣe pa ohun tí ó gbà gangan rẹ́. Ẹ tọ́jú rẹ̀ bí ó ti wà kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ lọ bá ìdílé kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ẹ kọ ọ́ sára àwo ní èdè tí ó yé ènìyàn: èyí ni òun ṣe, èyí ni àwa fi kún un, ọdún báyìí ni. Ẹ san ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀.

Àwa ilé-ẹ̀kọ́ gíga náà ní iṣẹ́ tiwa. Bí a ti ń ṣe àkójọ ìjálá, rárà àti ẹ̀sà, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí á máa ṣe àkójọ ohùn tí àwọn olórin Ajégúnlẹ̀ fi sílẹ̀, kí ẹni tí ó bá ń fura lè rí ibi tí yóò ti gbọ́ ojúlówó téèpù pẹ̀lú etí ara rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Fela ti gbọ́ ọ ní Àpápá.

Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ohùn alààyè ni a sábà máa ń pa òwe náà fún, nítorí pé alààyè lè bẹ̀bẹ̀, ó lè ṣàlàyé, ó lè tún un sọ. Òkú kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé ẹyin rẹ̀ dání, kí ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, kí gbogbo wa sì máa rí ojú rẹ̀.